Ibi tí Ìbòòji Parí Sí

Ìlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́ la wọ igbó Kakamega,
èmi àti bàbá Shimanyula, tó ń fi bàtà táyà rìn
bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ gbọ́.
Ìrì ń kán sí wa lọ́rùn.
Ó ní, "Má sọ̀rọ̀ sókè. Kì í ṣe tìtorí ejò.
Ilé onílé ni."

Igi kan ga débi pé fìlà mi já bọ́
níbi tí mo ti ń wá òpin rẹ̀.
Ìtàkùn gbà á mọ́ra bí ọ̀já ìyá ọmọ.
Lókè, àwọn ẹdun jókòó, dúdú òun funfun,
ìrù wọn rọ̀ wálẹ̀ bí aṣọ tí a sá sórí okùn.
Wọ́n ń wò wá, wọ́n ń họra,
bí àgbà tó ti rí onígbèsè bíi tiwa rí.

Bàbá ní bàbá bàbá òun a máa sọ pé
ọ̀bọ lè gbéra níhìn-ín
kó máa fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka títí dé Kóńgò,
kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má kan ilẹ̀,
kí oòrùn má rí àtàrí rẹ̀.
Ó rẹ́rìn-ín.
"Lónìí, àfi kó wọ bọ́ọ̀sì."

Òórùn olú, òórùn ewé jíjẹrà.
Agbe kan fò kọjá, ó tóbi tó tòlótòló,
aró rẹ̀ kò tíì ṣí.

Nídìí kùkùté kan, bàbá dúró.
Ènìyàn mẹ́jọ lè yí i ká jẹun.
Ó bọ́ bàtà. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé e.
"Èmi ni.
Ọdún tí Khasandi lóyún àkọ́bí wa.
Èmi àti Mulindi fa ayùn fún ọjọ́ méjì àtààbọ̀,
ó ń fà á sọ́hùn-ún, mo ń fà á síhìn-ín.
Nígbà tó wó, gbogbo adìẹ abúlé dákẹ́.
Ṣílè méje ni wọ́n kà sí mi lọ́wọ́.
Mo fi ra kúbùsù.
Kúbùsù náà gbó kí ọmọ tó rìn."

Mo wá ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ, mi ò rí.
Ó ń fi èékánná ka àwọn ìlà róbótó inú igi náà,
ó kà dé ogójì,
ó ṣì í kà,
ó tún bẹ̀rẹ̀.

Kò pé wákàtí kan lẹ́yìn náà
tí ìmọ́lẹ̀ gbá wa létí.
Ìrèké. Ìrèké títí dé ibi tí ojú mọ,
katakata kan ń kùn láàárín rẹ̀.
Mo bojú wẹ̀yìn: igbó dúró
bí ẹni tó sìn wá dé ẹnu ọ̀nà,
tí wọ́n ti kìlọ̀ fún pé kó má kọjá ibẹ̀.

Ọmọdébìnrin kan yọ lápá ọ̀tún,
ó ru igi ìdáná tútù, oje ṣì ń kán lára rẹ̀.
Ó rí wa, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró.
Mo ní kí n bi í pé níbo ló ti ṣẹ́ ẹ.
Bàbá Shimanyula ti kọjá lára mi,
ó tẹ̀ síwájú rẹ̀,
ó bá a tún òṣùká rẹ̀ ṣe.