Ìrántí Gígì Mẹ́rin

Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé lálẹ́ òní tó kú mọ́ mi lọ́wọ́.
Kò kígbe, kò japoró,
ojú ẹ̀rọ kàn dúdú bí ìkòkò tí a dojú ẹ̀ délẹ̀.
Irinwó orúkọ ni mo ní kó kà,
àwọn olóko kaṣú Arówómọlé,
tí wọ́n ní kí n ṣètò ìwọ̀n fún wọn kó tó di ọjọ́ Ajé:
àpò mélòó, kìlò mélòó, èló ni,
kí akọ̀wé má tún fi bírò jẹ kìlò mẹ́ta lórí àpò.
Tó bá ti dé orí ẹni kẹtàlá lé nígba,
gbì.

Mo fura sí ẹni náà, Lásísì Oyèdẹ̀jì.
Mo yọ orúkọ ẹ̀ kúrò; ó kú sórí ìyàwó ẹ̀.
Mo yọ ìyàwó; ó kú sórí àbúrò.
Mo wá rò ó pé n kò gbọdọ̀ pa ìdílé onídìílé run
nítorí ẹ̀bi tó wà lọ́wọ́ èmi fúnra mi.

Mo pe Jólàádé ní Ọ̀yọ́.
Ó ń jẹun lọ́wọ́, mo ń gbọ́ eegun lẹ́nu ẹ̀.
Ó ní, “Pa á, kó o tún un tàn.”
Mo ní mo ti ṣe bẹ́ẹ̀.
Ó ní, “Ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, kó o fi sùúrù sí i.”

Bàbá Oyèdòkun, onílé mi, gbọ́ “kòkòrò” láti pálọ̀.
Ó kanlẹ̀kùn, ìgò ọ̀tápíápíá lọ́wọ́ ẹ̀:
“Fọ́n ọn sáàárín àwọn bọ́tìnnì,
kó o sá síta fún wákàtí kan.”
Mo dúpẹ́, mo gbé ìgò sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ó kù díẹ̀ kí n fọ́n ọn lóòótọ́.

Aago méjì kọjá. Iná ti lọ látìgbà ìrun alẹ́.
Ògbómọ̀ṣọ́ ti sùn, àfi tírélà tó ń gun ọ̀nà Ìlọrin,
àfi àfòpiná tó ń forí sọ gíláàsì.
Bátìrì ku mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún.
Mo ń ka kóòdù sókè bí ọmọ tí tíṣà dá dúró,
mo ń wo ààyè tí ètò yìí ń jẹ:
ó ń jẹ, ó ń jẹ,
kò ṣu rárá.

Mo jáde lọ fomi bọ́jú.
Ohùn kan já láti ojú fèrèsé:
“Ìwọ tó ń fa omi yẹn, o ti bò ó?”
“Kí ni, bàbá?”
“Kànga! Ẹni bá ṣí i ni yóò bò ó.”
Mo dúró, omi ń kán lágbọ̀n mi.

Fáìlì.
Olóko kọ̀ọ̀kan, mo ṣí fáìlì kan fún un,
mo ka ohun tí mo fẹ́ kà, mo bá tèmi lọ,
n kò pa ọ̀kankan dé.
Igba kànga ó lé mẹ́tàlá ló wà ní ṣíṣí
nínú ilé tí kò gbà ju gígì mẹ́rin.
Kì í ṣe ìgbàgbé ló ń pa á. Ìrántí ni.
Gbogbo ohun tí mo fi hàn án ló dì mú ṣinṣin,
bí bàbá tó wà lójú fèrèsé yìí
ṣe di ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ọ̀nà Ìkòyí mú sí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lọ́rùn
lọ́dún kọkàndínlógún báyìí.
N kò sọ ìyẹn fún un. Mo sáré wọlé.

Ìlà kọkànlélógójì, ọ̀rọ̀ kan péré: pa á dé.
Bátìrì ku mẹ́ta.
Mo tẹ̀ ẹ́.
Lásísì kọjá. Ìyàwó ẹ̀ kọjá. Àbúrò kọjá.
Ó ń lọ, ó ń lọ, ó dé orí ẹni ìkẹyìn,
ìyá arúgbó kan, Wúràọlá, àpò kan àbọ̀,
ó sì dúró níbẹ̀, ó ń mí.
Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ kú,
ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, bátìrì ló pa á.

Mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ń rẹ́rìn-ín,
kí n tó rántí
pé n kò bo kànga.