Mo Jẹ Màlúù ní Gbèsè

Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi sun awọ
ní odò ẹran, ní Àkúrẹ́.
Ẹni bá jẹ pọ̀nmọ́ ní Ìjọ̀kà, ní Òkè-Àró,
ó ṣeé ṣe kó jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ mi.
Mo mọ awọ: mo mọ ti ẹ̀yìn, mo mọ ti ìdí,
mo mọ èyí tó le bíi bàtà ọlọ́pàá.
N kò mọ ti ara mi.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú ọyẹ́,
afẹ́fẹ́ yí padà láìkìlọ̀ fún mi.
Táyà tó ń jó fò mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ọ̀tún,
ó lẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ̀, kò ṣí.
Mo gbọ́ òórùn kan.
Mo wo ojú àwọn ẹgbẹ́ mi;
kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ohun tó ń ta sánsán.

Wọ́n gbé mi sọdá odò Ọ̀wẹnà lọ sí Oǹdó.
Dókítà Akíntimẹ́hìn gé ohun tó ti kú dànù,
ó gé e títí iṣan fi yọjú, funfun
bí okùn tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́.
Ó ní, "Bàbá, bí a bá bu awọ itan yín lé èyí lásán,
kò ní mú. Bó tilẹ̀ mú, yóò súnkì,
ọrùn ẹsẹ̀ yín yóò gan bí ilẹ̀kùn tó dógùn-ún.
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tẹ́ nǹkan sábẹ́."

Ó fi nǹkan náà hàn mí nínú ọ̀rá:
pẹlẹbẹ, ó ní ihò wẹ́wẹ́ bíi kànìnkàìn.
Mo ní, "Kí ni wọ́n fi ṣe é?"
Ó wo ilẹ̀. Ó mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.
"Ara màlúù ni, Bàbá."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Nọ́ọ̀sì Morádéyọ̀ rò pé ìrora ni,
ó sáré lọ gbé abẹ́rẹ́.

Alùpùpù mi lọ síbẹ̀. Ilẹ̀ Adétutù ní Ìjú lọ síbẹ̀.
Nǹkan tí kò tó ìwé ìléwọ́!

Ọjọ́ mọ́kànlélógún la fi dúró.
Ẹ̀jẹ̀ ń yọ́ wọ inú ihò wẹ́wẹ́ náà
lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ayálégbé tó ń kó ẹrù dé lóru;
funfun di àwọ̀ èèpo ẹ̀pà, ó di àwọ̀ obì pupa.
Àlejò ń lọ díẹ̀díẹ̀,
ilé tó kọ́ ń di tèmi.

Ìgbà náà ni wọ́n tó fá awọ itan mi,
tínrín, tínrín, bí èèpo àlùbọ́sà,
wọ́n lu ú níhò, wọ́n fà á:
awọ di àwọ̀n,
àwọ̀n tún ń wá ọ̀nà padà di awọ.
N kò ní parọ́, itan tí wọ́n fá ló dùn mí jù.
Ẹni tó yáni ní nǹkan a máa ké ju ẹni tó gbà á lọ.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n tú báńdéèjì.
Dókítà fi ìka kan tẹ̀ ẹ́;
ó funfun, ó tún pọ́n padà.
Ó mí kanlẹ̀.
"Ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀."

Lónìí, ojú àwọ̀n ṣì hàn lẹ́sẹ̀ mi.
Kì í làágùn. Bí ọyẹ́ bá dé, á máa yún mi,
òrí ni mo fi ń pa á.
Ṣùgbọ́n ó ń ká, ó ń nà.
N kò padà sídìí iná; ìwé ìṣirò ni mò ń bá wọn kọ.
Bí wọ́n bá ń da màlúù wọlé lówùúrọ̀,
mo máa ń yẹra fún ojú wọn.
Ọ̀kan dúró lánàá, ó gbóòórùn ẹsẹ̀ mi
bí ẹni tó rí mọ̀lẹ́bí.
Gbogbo ayé mi ni mo fi jẹ màlúù;
wàyí o, mo jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Adétutù se ọbẹ̀ lálẹ́. Pọ̀nmọ́ méjì.
Mo jẹ ọ̀kan.