Àga Méjì Níwájú Sítóòfù

Emrys, gbé ìgò jáàmù yẹn lé etí máàpù
kó má baà ká padà bí ewé tí oòrùn pa.
Wò ó: ibi tí èékánná mi wà yìí ni Blaenau wa,
níbi tí òjò ti ń lu òrùlé òkúta láti ọjọ́ tí mo ti wọlé ìyàwó.
Ibi tí ìka rẹ kò tíì dé, nísàlẹ̀ pátápátá,
tóótó kan tó dà bíi yíǹkì tó ta sí aṣọ,
Rodrigues nìyẹn.

Nerys ní kí ló dé tí a kò lọ sí Llandudno,
bọ́ọ̀sì yóò gbé wa dé ẹnu omi.
Mo ní ọmọ mi, omi Llandudno ń bu ni jẹ.
Wọ́n ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.
Ogójì ọdún ni bàbá rẹ kò fi wo ẹnu àáké,
tó ń la òkúta pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí ẹni ń ṣí ìwé.
Kò bá oyin níbẹ̀. Ikọ́ ló bá.

Kì í ṣe oṣù kejì o, ìjì ń jà lọ́hùn-ún nígbà yẹn.
Oṣù karùn-ún ni mo kọ. Pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́,
nítorí ní ọjọ́ orí wa, bírò ti le jù.
Mo béèrè yàrá ìsàlẹ̀. Clairette tó ni ilé àlejò náà
ní àtẹ̀gùn mẹ́ta péré ló wà láàárín wa àti òkun.
Mo ní ṣé ó ní ibi ìdìmú?
Ó dákẹ́. Mo gbọ́ bó ṣe jáde lọ kà á.
"Mẹ́rin ni, Màmá. Àbúrò mi yóò kan igi mọ́ ọn kí ẹ tó dé."

Àwọn adójútòfò béèrè ọkàn rẹ,
wọ́n béèrè ìgbáròkó mi tó di irin,
wọ́n ní, ǹjẹ́ a ń retí ìyípadà kankan nínú ìlera wa?
Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.
Ọmọkùnrin náà ní, "Ṣé kí n kọ bẹ́ẹ̀ ni?"
Mo ti ta píánò. Ìka mi kò kúkú gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Oògùn yóò wà nínú àpò ọwọ́, òun àti ìwé dókítà.
Àga onítáyà tí wọn yóò fi tì ọ́ ní pápákọ̀,
má bá mi jà lórí ẹ̀.

O ní wákàtí méjìlá, ẹ̀yìn rẹ kò lè gbà á.
Mo ní jẹ́ ká dán an wò.

Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ a to àga méjì síwájú sítóòfù.
Agogo méje, a gbéra.
Mo fi ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, nítorí ìtọ̀.
Ní wákàtí wákàtí o ń dìde, o ń rìn dé ẹnu ilẹ̀kùn,
o ń kí ológbò bí ẹni ń kí òṣìṣẹ́ inú bàálù.
Mo gbé búrẹ́dì àti wàràkàṣì wá nínú àwo kékeré.
O ní oúnjẹ ọkọ̀ yìí kò níyọ̀.
Mo ní kí o kọ lẹ́tà sí wọn.
Agogo kan, orúnkún rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè.
Agogo mẹ́ta, orí rẹ wó lé èjìká mi,
mo gbọ́ ikọ́ náà tó ń yí nínú àyà rẹ
bí òkúta nínú garawa.
N kò mira.
Òjò ń rọ̀ lórí wa. Mo sọ fún ara mi pé òkun ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ o lajú, o wo fèrèsé,
o wo òkè dúdú tí kò kúrò níbi tó wà.
"Eluned," o ní, "ṣé a ti dé?"
Mo ní ó ku bàálù kékeré kan,
wákàtí kan àti ààbọ̀.
O fa okùn aṣọ ìwọ̀sùn rẹ,
o so ó le.