Ogún Ìṣẹ́jú

Abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwòsàn ní Umeå ni wọ́n ti po oògùn náà,
láàárọ̀ tí òtútù mú odò le gbagidi.
Oògùn tí kì í pẹ́ darúgbó ni:
ogún ìṣẹ́jú, ìdajì rẹ̀ ti lọ;
ogún mìíràn, ìdajì ìdajì.
Mo sáré gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá
bí ẹni tó ń gbé iná la afẹ́fẹ́.

Torborg ti dùbúlẹ̀, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin.
Mo fi ìbòjú tí a fi ojú rẹ̀ gan-an mọ
de orí rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó má baà mì.
"Ó fún mi," ló wí. "Àbí orí mi ṣì ń dàgbà?"
Mo rẹ́rìn-ín. Mo tẹ abẹ́rẹ́.

Ohun tí oògùn yìí ń wá nínú ọpọlọ kò ju àga lọ,
àga kéékèèké tí dopamínì máa ń jókòó sí
nígbà tí ìròyìn ayọ̀ bá kan ilẹ̀kùn,
nígbà tí ẹsẹ̀ bá fẹ́ gbéra kí ọkàn tó mọ̀.
Ibi tó bá ti ráyè jókòó, á tanná.
Òrùka ńlá tó yí orí rẹ̀ ká ń ka iná náà.

Ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, òun náà ló dùbúlẹ̀ síbí.
Mo gbé àwòrán méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:
tàtijọ́ pọ́n bí ẹyín iná,
tòní ti ń ṣá létí, ó ń lọ sí àwọ̀ aró.
Kì í ṣe òun nìkan. Mo pé ogójì ọdún lóṣù tó kọjá,
tèmi náà ti ń dín.

A kì í fi han ẹni tí à ń yẹ̀ wò. Òfin ni.
Ṣùgbọ́n ó yọjú.
"Àga ti dín, àbí?"

Ọdún mọ́kàndínlógójì ló fi já tíkẹ́ẹ̀tì nílé sinimá kan
kí wọ́n tó sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù bàtà.
"Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, igba àga, èèyàn mẹ́sàn-án.
Ọ̀kan nínú wọn, agégẹdú kan, rẹ́rìn-ín
títí àwa tó wà níta náà fi ń rẹ́rìn-ín,
a ò sì mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín."

Mi ò rí ibi tí mo lè kọ ìyẹn sí nínú fọ́ọ̀mù.

Mo ràn án lọ́wọ́ wọ kóòtù. Bọ́tìnnì mẹ́rin;
ìka rẹ̀ dúró díẹ̀ níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Nígbà tí takisí dé, oògùn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lára rẹ̀.
Mo gbọ́ tó ń sọ fún awakọ̀ pé
kó má tíì gbé òun relé,
kó kọ́kọ́ gba iwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà.