Ẹ̀yìn Ìyá Wa

"Ta ló da omi sórí òkúta?"
Kò sẹ́ni tó dà á. Garawa ṣì kún dẹ́nu.
Ooru yìí, inú mi ló ti wá,
ó gba àyà gòkè, ó gba ọrùn, ó dé etí,
bí ẹni gbé ògùṣọ̀ gun àkàbà.
Aulikki ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e:
"Tuire, káàbọ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ."

Alẹ́ Sátidé ni, nínú ilé ooru létí adágún,
ìhòòhò la wà, bí a ti ń wà láti kékeré.
Òjò dídì bo òrùlé.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń wa bọ́ọ̀sì ní Kuopio;
mo mọ gbogbo kọ́nà tí yìnyín ti ń lúgọ deni.
Ara tèmi ni n kò mọ̀nà rẹ̀ mọ́.
Ní oṣù kọkànlá, mo rí i nínú dígí:
àmì pupa róbótó kan lórí ikùn,
bí èso igbó tó já sórí òjò dídì.
Lẹ́yìn náà, ohun dúdú kan lábẹ́ ọmú,
bí àbẹ́là tó yọ́, tó sì gbẹ mọ́ tábìlì.
Ẹran wẹ́wẹ́ lọ́rùn, níbi tí ẹ̀gbà ti ń ha mí.
Mo fi awọ ṣe awo fún oṣù méjì.
Àìsàn kan ṣoṣo ni òru ń pè létí mi,
n kò dá a lóhùn.

Dókítà náà kéré, ọwọ́ rẹ̀ tutù.
Ó gbé awò lé e, ó wò ó, ó tún un wò.
"Ọjọ́ orí ló kọ ìwọ̀nyí sí ọ lára.
Họ́mọ̀nù tó ń fà sẹ́yìn ló ń dáná ooru.
Kò séwu. Bí ọ̀kan bá pàwọ̀ dà, tètè padà wá."
Mo wọnú bọ́ọ̀sì mi tó ṣófo,
n kò tan iná, mo sunkún bí ọmọdé.

"Kẹ̀yìn sí mi," ni Aulikki wí. Ó mú kànìnkànìn,
ó fọ̀ mí dé àárín ẹ̀yìn, ó dúró.
"Ó ti dé."
"Kí ló dé?"
"Ẹ̀yìn ìyá wa."

Lórí pákó yìí kan náà, ọmọ ọdún mẹ́fà,
mo fi ọṣẹ ha ẹ̀yìn Lempi ìyá mi, mo ha á gan-an.
"Fi í lẹ̀," ló wí, "kì í ṣe ìdọ̀tí."
Mo bá fi ìka kà á dípò.

Ìka Aulikki ń rìn lẹ́yìn mi báyìí:
ó dé mẹ́tàdínlógún,
ó ṣì í kà,
ó tún bẹ̀rẹ̀.