Ojú Mẹ́fà ní Kémta

Lọ́jọ́ Àlàmísì, nínú ọyẹ́, mo gbé kámẹ́rà dé Kémta,
ojú mẹ́fà ló ní, kò ní ìpéǹpéjú.
Ọ̀kan ń wo aró. Ọ̀kan ń wo ewé.
Ọ̀kan ń wo ìyeyè tó pọ́n, ọ̀kan ń wo osùn,
ọ̀kan dúró síbi tí pupa ti ń kú lọ.
Ẹ̀kẹfà ń wo ohun tí ojú èèyàn kì í rí,
ìmọ́lẹ̀ kan tó ń gbé lẹ́yìn pupa
bí ayálégbé ẹ̀yìn ògiri:
à ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀, a ò mọ ojú rẹ̀.

Ìyá Ṣàdíátù jókòó sórí àpótí,
aró ti kun ẹsẹ̀ rẹ̀ dé kókósẹ̀.
Ó tẹ́ aṣọ méjì síwájú mi, ẹlẹ́kọ àtijọ́,
ọnà kan náà, ọdún kan náà.
“Kí lò ń wá lára wọn?”
“Àwọ̀ wọn ni, mà.”
“Ṣé o ò rí i ni?”
Mo rí i. Mi ò tíì mọ̀ ọ́n ni.

Nítorí ohun tó wọ kámẹ́rà kì í ṣe aṣọ nìkan.
Oòrùn wà níbẹ̀. Eruku ọyẹ́ wà níbẹ̀.
Páànù ilé kejì, tó ti dógùn-ún,
ń da pupa tirẹ̀ sórí ohun tí kò kàn án.
Gbogbo wọn gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo wọlé,
wọ́n sì ń jẹ́ orúkọ kan.

Mo yọ àwo funfun kan nínú àpò,
funfun báláú, n kì í jẹ́ kí ọwọ́ kàn án.
Ohun tí oòrùn bá fi lé e lọ́wọ́,
ó ń dá a padà láìyọ sísì.
Mo fi ti àwo pín ti aṣọ;
èyí tó kù, ti aṣọ ni.
A kì í wọn gàrí láì mọ ohun tí igbá gbà.

Ìyá rẹ́rìn-ín, ó fi èékánná tẹ ọnà ẹyẹ kan:
“Wo ibi tí ẹ̀kọ ti dí aró lọ́nà.
Òun làwa fi ń wo oòrùn.”
Mo wò ó. Funfun náà ti darúgbó, ó ti pọ́n bí eyín.

Nọ́ńbà mẹ́fà péré ló bọ́ sí mi lọ́wọ́.
Ìlà tí mo fẹ́ fà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ,
bí ẹni tó jí lówùúrọ̀ kùrukùru,
tó rí ṣóńṣó àpáta mẹ́fà lókè ìkúukùu,
tó ní òun á ya gbogbo Abẹ́òkúta, àti kòtò, àti odò.
Mo fi àkísà ọgọ́fà tí mo ti wọ̀n rí ṣe ẹlẹ́rìí;
síbẹ̀, ìfojúbù ni.

Èdè wa gan-an, ojú mẹ́ta ló ní: funfun, pupa, dúdú.
Àwọn aláró ló la ojú kún un:
ayìnrín, bí aṣọ bá kọ́kọ́ jáde nínú ìkòkò;
wájì, bó bá tún padà wọlé;
dúdú, nígbà tó bá ń dán bí ìyẹ́ agbe.

Ojú márùn-ún sọ pé ọ̀kan náà ni aṣọ méjèèjì.
Ẹ̀kẹfà kọ̀.
Níwájú rẹ̀, ọ̀kan mọ́lẹ̀ kedere, bí ẹni pé kò rí aró rí;
èkejì dúdú síbẹ̀, kò mira.
Mo ní, “Mà, èyí kì í ṣe elú.”

Ó pẹ́ kó tó fèsì.
“Ọdún tí wọ́n gbé mi lọ sí Àrò,
Kúdírátù àbúrò mi ló rẹ ẹ́. Ó búra pé elú ni.
Mo mọ̀ láti ìgbà tí mo ti gbóòórùn rẹ̀. Mi ò bi í.
Ó ti lọ báyìí.
Ṣé ẹ̀rọ yẹn máa kọ ọ́ sílẹ̀?”
Ó ti kọ ọ́.

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e sórí itan.
Oòrùn ti yí sẹ́yìn Olúmọ; ó yẹ kí n tún àwo wọ̀n.
Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i:
ìtẹ̀ka kan ní igun àwo funfun, ayìnrín.
Àṣìṣe ni, nínú gbogbo ohun tí mo bá wọ̀n lẹ́yìn èyí.
Mi ò tíì nù ún.