Bàtà Ẹsẹ̀ Ọ̀tún

Malaquin ní kí n dúró bí ẹni tí kò wúwo.
Mo dúró.
Yàrá rẹ̀ wà ní àjà karùn-ún, lókè ṣọ́ọ̀bù alábẹ́là,
òtútù oṣù kejì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé
bí olówó èlé tó wá sin gbèsè.
Ó fi wáyà so ìyẹ́ méjì mọ́ mi léjìká.
Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ ni. Ó ní ti iwin ni.

Iwin sì lèmi lójú gbogbo Párísì nígbà náà:
ọmọge aláṣọ funfun tí ìfẹ́ pa,
tó ń rìn lórí omi lóru, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í tutù.
Àwọn ọkùnrin onífìlà gíga á sunkún sínú áńkáṣíìfù,
wọ́n á tún dúró dè wá lẹ́yìn ìtàgé,
ẹkún ti gbẹ lójú wọn,
ọwọ́ wọn kò sì dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí iwin ṣe ń jẹun:
búrẹ́dì àná, ọbẹ̀ àlùbọ́sà tó ṣàn bí omi,
fráǹkì méjì lálẹ́ kan; bí mo bá pẹ́ dé, wọ́n á yọ ìdajì.
Bí iwin ṣe ń fò ńkọ́?
Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ló ń gbé gbogbo ara.
Èékánná á dúdú, á já bọ́,
a ó da ọtí líle sí i, a ó dì í, a ó rẹ́rìn-ín jáde.
Àtùpà gáàsì tò létí ìtàgé lọ́wọ̀ọ̀wọ́,
aṣọ wa sì fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.
Zéphirine, ọmọ alágbàfọ̀ bíi tèmi,
ó kàn yí lẹ́ẹ̀kan péré ni.

Malaquin kò kun ìyẹn.
Ó ní kí ojú mi jìnnà, bí ẹni tó ń rántí ọ̀run.
Àtùpà ni mo ń kà.

Ọdún mẹ́tàlélógún kọjá. Orúnkún mi ti yẹ̀,
apẹ̀rẹ̀ aṣọ fífọ̀ ni mo ń gbé gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìn
níbi tí àwọn olówó kò ti ní rí wa.
Lọ́jọ́ Tọ́sìdeé kan, wọ́n ń tún àtẹ̀gùn náà kùn,
ọmọ ọ̀dọ̀ ní kí n gba pálọ̀ kọjá.
Mo gbójú sókè.

Èmi rèé nínú férémù oníwúrà,
òṣùpá ń ràn sí mi lọ́rùn,
adágún omi kò mọ̀ pé mo tẹ òun mọ́lẹ̀.
Ọmọ ọ̀dọ̀ ní, "Ó rẹwà, àbí?
Wọ́n ní iwin ni, kì í ṣe ènìyàn kankan."
Mo ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀."
Kí ni ǹ bá tún wí, èmi tí ara mi ń rùn bí ọṣẹ?

Mo ti fẹ́ yí padà kí n tó rí ẹsẹ̀ ọ̀tún.
Ní ṣóńṣó bàtà náà, níbi tí ojú ènìyàn kì í dé,
ó kun àtúnrán kan:
òwú aláwọ̀ eérú, ojú abẹ́rẹ́ mẹ́sàn-án,
tó wọ́ díẹ̀ sí òsì,
nítorí ojú ìyá mi ti ń ṣú nígbà yẹn,
ìdí ààrò ló sì ti máa ń ránṣọ
kí àbẹ́là má bàa tètè tán.

Malaquin, òpùrọ́,
o purọ́ ìyẹ́, o purọ́ omi, o purọ́ òṣùpá.
Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́sàn-án pé.
Ọmọ ọ̀dọ̀ ní kí n yára, ìyá ilé ń bọ̀.